Eṣinṣin tí kò lè fò: ìyẹ́, okùn bàbà àti ọwọ́ ènìyàn

Bí ẹnì kan bá gbé e lé yín lọ́wọ́ láìsọ ohun tó jẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọn ọwọ́ yín kíákíá, kí ẹ rò pé kòkòrò ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju hóró ìrẹsì kan lọ. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ díẹ̀, ó sì ní ìrù tínrín bí irun. Ìgbà tí ẹ bá yí i padà ni ẹ ó rí irin ìwọ̀ tó tẹ̀ kọ́rọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe kòkòrò. Ìyẹ́ ẹyẹ kan àti okùn bàbà ni wọ́n wé mọ́ ìwọ̀. Àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Pheasant Tail Nymph, ó sì wà nínú àpótí àwọn apẹja láti Yúróòpù dé Amẹ́ríkà àti New Zealand. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ dì í kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Olùṣọ́ odò ni. Lónìí, púpọ̀ nínú irú eṣinṣin ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ òyìnbó, ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní Kẹ́ńyà ló dì wọ́n. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin olùkà wa, pàápàá ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìdí tí ẹja fi ń gbà á gbọ́, àti àpò ẹni tí owó rẹ̀ ń wọ̀.

Ìwọ̀ tí kò ní ìjẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwọ̀ pẹja létí Odò Ọ̀kpárá tàbí Odò Wẹ̀mẹ̀ mọ̀ pé ìjẹ ni ẹja ń bá wá. Ẹ ó fi ekòló tàbí nǹkan mìíràn há ìwọ̀ lẹ́nu, ẹ ó so òjé mọ́ okùn kí ó lè wọlé sínú omi, ẹ ó sì dúró. Òórùn ìjẹ náà á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀nà tí à ń wí yìí yàtọ̀. Kò sí ìjẹ kankan lẹ́nu ìwọ̀. Ojú ẹja ni wọ́n ń tàn, kì í ṣe imú rẹ̀. Eṣinṣin ìwọ̀ náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi lè jù ú jìnnà, gẹ́gẹ́ bí ẹ kò ṣe lè ju ìyẹ́ adìyẹ jìnnà. Nítorí náà, okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe nípọn, kí ó lè wúwo. Apẹja á mú ọ̀pá gígùn tó máa ń tẹ̀, á na okùn náà sẹ́yìn, á nà án síwájú bí ẹni tó ń na pàṣán, títí okùn yóò fi tẹ́ gbọọrọ sórí omi. Ní ìpẹ̀kun okùn nípọn yìí ni wọ́n ti so okùn náílọ́ọ̀nù tínrín tí ẹja kì í tètè rí, eṣinṣin náà á sì wà ní ìpẹ̀kun náílọ́ọ̀nù.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Aelian kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn apẹja Makedóníà máa ń wé òwú pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n á sì fi ìyẹ́ àkùkọ méjì sí i, nítorí pé ẹja odò wọn fẹ́ràn kòkòrò kan tó máa ń fò lójú omi. Kòkòrò náà gan-an kò ṣeé fi há ìwọ̀, torí bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́. Ohun tí kò ṣeé mú ni wọ́n fi ọwọ́ ṣe.

Oúnjẹ tó ń ti ìsàlẹ̀ odò wá

Ẹja tí wọ́n sábà máa ń fi ọ̀nà yìí pa ni tírọ́ọ̀tì. Omi tútù tó mọ́ ló ń gbé. Kì í wá oúnjẹ kiri púpọ̀ nínú odò tó ń ṣàn. Á kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, á dúró sójú kan, á máa wo ohun tí omi ń gbé bọ̀.

Lára ohun tí omi ń gbé bọ̀ ni kòkòrò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mayfly, tí àwọn Faransé sì ń pè ní éphémère. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ tí àwọn Faransé fún un ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí kò wà ju ọjọ́ kan lọ. Ìdílé kòkòrò yìí wà ní ilẹ̀ Áfíríkà náà. Ẹni tó bá tan iná nítòsí odò lálẹ́ lè rí wọn kí wọ́n wá rọ̀ mọ́ iná náà, kí ó tó di òwúrọ̀ wọ́n ti kú sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan yẹn kọ́ ni gbogbo ayé rẹ̀. Kí ó tó ní ìyẹ́, ó ti gbé ìsàlẹ̀ omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, láàárín òkúta àti koríko odò. Nígbà tí àkókò bá tó, á lúwẹ̀ẹ́ gòkè wá sójú omi, á bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, á sì fò. Láti ìgbà náà kò tún jẹun mọ́, torí kò ní ẹnu tó lè fi jẹun. Á gùn, á yé ẹyin sínú omi, á sì kú.

Ìyẹn ni pé ìgbà tí kòkòrò náà wà lábẹ́ omi pọ̀ fíìfíì ju ìgbà tó wà lójú omi lọ. Ibẹ̀ náà ni tírọ́ọ̀tì ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ohun tí kò le, àmọ́ ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìjà orí omi àti abẹ́ omi

Frederic Halford ló kọ ìwé kan ní 1886 nípa bí wọ́n ṣe ń di eṣinṣin tó ń léfòó. Àwọn tó tẹ̀lé e gbà pé ojú omi nìkan ni ọmọlúàbí apẹja ń ju eṣinṣin sí, àti pé ẹja tó bá yọ ẹnu síta láti jẹ kòkòrò nìkan ni kí ó jù ú sí. Lójú wọn, ẹni tó bá ju ìwọ̀ sábẹ́ omi ń ṣe màgòmágó ni.

Agbẹjọ́rò kan, G. E. M. Skues, kò gbà. Ó máa ń la inú ẹja tó bá pa láti wo ohun tó jẹ, ọmọ kòkòrò abẹ́ omi ló sì ń bá níbẹ̀. Ní 1910 ó gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1938 ẹgbẹ́ àwọn apẹja ní Lọ́ńdọ̀nù pe ìpàdé láti jiyàn lé e lórí. Skues ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún díẹ̀ nígbà yẹn tàbí kí ó kù díẹ̀ kó pé e, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tí àwọn ẹni ńlá ń jiyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan wà létí odò tó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Olùṣọ́ odò Netheravon

Frank Sawyer ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1906 ní Bulford, ní agbègbè Wiltshire, létí Odò Avon. Ní 1928 wọ́n gbà á síṣẹ́ ní abúlé Netheravon láti máa tọ́jú odò fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gágun tó ń pẹja níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gé koríko inú odò, kí ó kó ẹrọ̀fọ̀ kúrò, kí ó lé àwọn ẹranko tó ń pa ẹja jẹ. Iṣẹ́ yìí ni ó ṣe fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún.

Odò náà mọ́ bíi dígí. Sawyer á dúró lẹ́bàá rẹ̀, á máa wo bí ọmọ kòkòrò ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ àti bí ẹja ṣe ń gbà á sẹ́nu. Ó rí nǹkan mẹ́ta tó yí iṣẹ́ ìdì eṣinṣin padà. Àkọ́kọ́, ọmọ kòkòrò tó ń lúwẹ̀ẹ́ máa ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara, nítorí náà kò sí ìdí tí ènìyàn fi ń fi ẹsẹ̀ sí eṣinṣin ìwọ̀. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ tètè rì, torí omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta, ìrísí ara rẹ̀ lápapọ̀ àti bó ṣe ń rìn ni ẹja ń wò, kì í ṣe gbogbo ọ̀ṣọ́ tí ojú ènìyàn fẹ́.

Skues tó ti darúgbó ń kọ lẹ́tà sí i, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó kọ ohun tó ń rí sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa eṣinṣin abẹ́ omi, Nymphs and the Trout, jáde ní 1958.

Bí wọ́n ṣe ń dì í

Ohun èlò mẹ́ta péré ni: ìwọ̀, ìyẹ́ àti okùn bàbà. Ìyẹ́ náà wá láti ìrù akọ ẹyẹ fẹ́sántì, ẹyẹ oko kan tó jẹ́ ìbátan adìyẹ àti àparò. Wọ́n ń yìnbọn pa á púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ, ìrù rẹ̀ kò sì wọ́n. Okùn bàbà náà tínrín díẹ̀ ló fi ju irun orí lọ, irú èyí tí wọ́n ń wé sínú dáínámò àti ẹ̀rọ iná kéékèèké. Àwọn tó ń di eṣinṣin kí Sawyer tó dé, òwú ni wọ́n ń lò. Òun ju òwú dànù. Okùn bàbà á di ìyẹ́ mú, á mú kí eṣinṣin wúwo, á sì máa tàn díẹ̀díẹ̀ láàárín ìyẹ́ bíi ti ara kòkòrò. Nǹkan kan ṣoṣo gba iṣẹ́ mẹ́ta.

Ẹni tó fẹ́ dì í á fi irin kékeré kan tó wà lórí tábìlì di ìwọ̀ mú ṣinṣin, irú irin tí àwọn mẹkáníìkì fi ń há nǹkan. Lẹ́yìn náà:

Á wé okùn bàbà mọ́ ẹ̀yìn ìwọ̀ láti ọ̀dọ̀ ojú rẹ̀ títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Níbi tó yẹ kí àyà kòkòrò wà, nítòsí ojú ìwọ̀, á wé e léraléra títí ibẹ̀ yóò fi yọ gọngọ. Á wá dá okùn náà padà sí ọ̀nà ìrù, á sì jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kò ní gé e.

Á fa fọ́nrán mẹ́rin yọ lára ìyẹ́ náà. Á fi ṣóńṣó wọn ṣe ìrù kòkòrò, kí ó yọ síta ní nǹkan bíi mìlímítà 3, á sì fi okùn bàbà so wọ́n mọ́lẹ̀.

Á lọ́ fọ́nrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ okùn bàbà, á sì wé gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ síwájú títí dé ọ̀dọ̀ ojú ìwọ̀. Ibí ni ọgbọ́n Sawyer wà. Fọ́nrán ìyẹ́ nìkan kì í lágbára. Eyín tírọ́ọ̀tì á já a lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti lọ́ mọ́ bàbà, eṣinṣin kan lè pa ẹja púpọ̀ kí ó tó bàjẹ́.

Á tú fọ́nrán kúrò lára bàbà, á tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn lórí àyà tó yọ gọngọ, á so ó, á tún tẹ̀ ẹ́ síwájú, á so ó, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí ló dà bí àpò tí ìyẹ́ kòkòrò ká sí kí ó tó fò. Á wá fi okùn bàbà ta kókó nídìí ojú ìwọ̀, á gé èyí tó kù. Ó parí.

Ọwọ́ tó ti mọ́ iṣẹ́ náà kì í pẹ́ lórí ẹyọ kan. Ẹni tó ń kọ́ ọ ló máa ń ṣe àṣìṣe: á fi fọ́nrán tó pọ̀ jù, ara rẹ̀ á sanra bí ìdin, á fa okùn bàbà le jù, á gé ìyẹ́, tàbí á wé e bo ojú ìwọ̀ mọ́lẹ̀, tí kò ní sí ibi tí náílọ́ọ̀nù yóò gbà wọlé.

Ìwọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò

Dídì rẹ̀ kò tíì tó. Apẹja gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe mú un rìn. Á jù ú sí iwájú ẹja, á jẹ́ kí ó rì. Bí omi bá ti gbé e sún mọ́ ẹja náà, á gbé ṣóńṣó ọ̀pá rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Eṣinṣin á gòkè bíi ti ọmọ kòkòrò tó ń lọ sójú omi láti lọ di abìyẹ́. Lójú ẹja, oúnjẹ ń sá lọ nìyẹn, á sì yára hàn án. Bí apẹja kò bá tètè fa okùn, ẹja á mọ̀ pé irin ni, á tu ú jáde.

Aládùúgbò Sawyer kan ní Netheravon, ọ̀gágun Oliver Kite, fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó. Ó yọ gbogbo ìyẹ́ kúrò. Okùn bàbà díẹ̀ tó yọ gọngọ níbi àyà nìkan ló fi sílẹ̀ lára ìwọ̀, kò sí ohun mìíràn. Ó jù ú sómi, ó mú un rìn bó ṣe yẹ, ó sì pa ẹja. Ẹ̀rí nìyẹn pé ẹni tó bá mọ ìwà ohun tó ń fi ṣe àpẹẹrẹ lè fi ohun kékeré ṣe é.

Síbẹ̀, ẹja nìkan kọ́ ló ń ra eṣinṣin. Ènìyàn ló ń mú owó wá sí ìsọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Al Troth fi ìyẹ́ ọ̀kín sí àyà eṣinṣin Sawyer, ó sì fi ẹsẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìgbà náà àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ idẹ sí orí rẹ̀ kí ó lè tètè rì. Gbogbo wọn ń pa ẹja, gbogbo wọn ló sì ní oníbàárà tirẹ̀.

Láti Netheravon dé Kẹ́ńyà

Kò sí tírọ́ọ̀tì nínú odò Kẹ́ńyà tẹ́lẹ̀. Àwọn òyìnbó tó gba ilẹ̀ náà ló fẹ́ máa pẹja bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn. Ní 1905, Ewart Grogan mú kí wọ́n kó ẹyin tírọ́ọ̀tì wá láti Scotland, wọ́n sì tú u sínú Odò Gura ní òkè Aberdare, níbi tí omi ti tutù. Ẹja náà yè, wọ́n sì tú u sí odò mìíràn. Níbi tí ẹja bá wà, wọn ò ní ṣàìwá eṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Kẹ́ńyà ṣe kọ́ iṣẹ́ ìdì eṣinṣin nígbà ìjọba amúnisìn.

Òyìnbó amúnisìn lọ, iṣẹ́ náà kò lọ. Ó di ọjà tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun. Ní Nàìróbì àti ní ibòmíràn, lọ́kùnrin lóbìnrin ń jókòó ti tábìlì láti àárọ̀, àwọn kan nínú ilé iṣẹ́, àwọn kan nínú ilé ara wọn. Oníbàárà á fi àpẹẹrẹ kan ránṣẹ́ láti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, á ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ dọ́sìnnì. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ìrù ọ̀kan bá gùn ju ti èkejì lọ, wọ́n lè dá a padà, ẹni tó dì í ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń di eṣinṣin fún odò tí wọn kò lè rí láé, fún ẹja tí wọn kò tọ́ wò rí.

Títí di òní, ọwọ́ ènìyàn ló ṣì ń di eṣinṣin ìwọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ran aṣọ, tó ń hun àwọ̀n, kò tíì gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn, torí fọ́nrán ìyẹ́ kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì, ìka ló ń mọ ibi tó yẹ kí ó fà le àti ibi tó yẹ kí ó dẹ̀ ẹ́.

Ta ni owó náà ń wọ àpò rẹ̀?

Ní ìsọ̀ Amẹ́ríkà, ẹyọ eṣinṣin kan lè tó dọ́là 2 tàbí 3, ìyẹn ju 1,000 sẹ́fà lọ. Ẹni tó dì í ní Nàìróbì kì í rí ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí iye tó bá dì ni wọ́n fi ń san owó fún un, kì í ṣe iye wákàtí tó fi jókòó. Owó ìwọ̀ tó ti òkè òkun wá wà níbẹ̀, owó ìyẹ́, owó ọkọ̀ òfuurufú, èrè ẹni tó kó o wọ̀lú àti èrè onísọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta òwú tàbí kajú fún oníṣòwò òkèèrè rí mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí: ẹni tó sún mọ́ oníbàárà jù ló ń mú èyí tó pọ̀ jù.

Àwọn kan ní Kẹ́ńyà ti ń gbìyànjú láti kúrú ọ̀nà náà. Wọ́n ń ya àwòrán iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á tààrà fún apẹja tó fẹ́ lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè gbára lé ìka tó yára nìkan. Ó gbọ́dọ̀ lè sọ irú kòkòrò tí eṣinṣin rẹ̀ dúró fún, ìgbà tí ó máa ń gòkè nínú odò oníbàárà, àti bó ṣe yẹ kí ó rì. Ohun tí Sawyer fi ojú rí létí odò ni oníbàárà ń rà pọ̀ mọ́ ìyẹ́ àti bàbà.

Sawyer fúnra rẹ̀ kò fi etí odò sílẹ̀. Ní 1980, létí Avon níbẹ̀ ni ikú ti bá a. Eṣinṣin rẹ̀ ṣì wà lọ́jà, kì í sì í ṣe nítorí pé ó ń pa ẹja nìkan. Ó máa ń há sí ẹ̀ka igi lẹ́yìn apẹja, ó máa ń kọ́ òkúta nísàlẹ̀ odò, ẹja ńlá máa ń já okùn gbé e lọ. Bí apẹja bá jáde lọ pẹ̀lú mẹ́wàá láàárọ̀, ó lè bá mẹ́fà padà délé. Mẹ́rin tó sọnù yẹn, ẹnì kan ní Nàìróbì ti jókòó ti tábìlì, ó ń di èyí tí yóò rọ́pò wọn.